Bí A Ṣe Bọ́ Aṣọ Ìyá

                                        Ilé Káfíńtà,
                                        Ẹ̀yìn Pápá Bàálù Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹlẹ́ńjìnì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, àbí ìwọ lo ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ tó ń fà ọ́ ní irùngbọ̀n ńkọ́? Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń jí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ bóyá ara mi le, sọ fún un pé ara le, ọkàn ni kò sí nílé.

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ìwé yìí. O mọ̀ pé èmi àti kálàmù kò bára wa ṣọ̀rẹ́ rí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ṣúgà sí i. Ó ní òun gbọ́. A ó rí i.

Wọ́n ní ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ pé mo yọ òòlù sí obìnrin kan ní ilé bàálù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òòlù onígi ni, mi ò sì gbé e kọjá èjìká. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ìbákà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé o ò lè gbàgbé Ìbákà, bàálù kékeré onígi tí a fi aṣọ bò, tí wọ́n kùn ní yẹ́lò láti orí dé ìdí kí gbogbo ayé lè rí i lókèèrè kí wọ́n sì yà fún un, torí pé ẹni tó ń wà á kò tíì mọ̀ ọ́n wà. Nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n bí a ṣe ń gbéra àti bí a ṣe ń balẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn lọ, wọn ò bọ̀. Ogun ti parí kí àwa tó débẹ̀, àwa la wá ń tún un ṣe lẹ́yìn wọn: ìwọ lórí ẹ́ńjìnì, èmi lórí igi, ìyá àwọn ọmọ mi lórí aṣọ. O rántí pé àwa la pe apá tó wà lókè ní Ìyá, nítorí ó ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. A sì pe ti ìsàlẹ̀ ní Ọmọ. Orúkọ náà mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu títí wọ́n fi ti pápá náà pa.

Látìgbà náà ni Ìbákà ti wà nínú ilé bàálù tí páànù rẹ̀ ń jò, tí ẹyẹlé ń yàgbẹ́ sí i lórí. Ọdún tó kọjá ni àwọn tó ń tọ́jú nǹkan àtijọ́ wá gbà á. Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń bọ́ bàtà kó tó gun orí apá bàálù. Torí ìyẹn ni mo ṣe kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin yìí rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan wá sílé. Mi ò sí nílé, ọmọ mi ló bá. Ohun tí ọkùnrin náà sọ ni pé, "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé ọ̀la la fẹ́ bọ́ aṣọ Ìyá. Ó ti ń jẹrà lábẹ́."

Ọmọ mi figbe ta. Ṣebí ìwọ náà wà níbi ìsìnkú, o mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí a gbé ìyá rẹ̀ wọlẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ hú òkú ni. Ó fa ìgbálẹ̀ yọ, ó lé ọkùnrin náà dé títì, ó ń bi í pé ṣé inú ihò àpáta ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí mo dé, mo bá ọmọ tó ń sunkún, mo bá bàtà ẹsẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé fún un pé apá bàálù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà sí mi nínú. Ta ló rán aṣọ náà? Ìyá rẹ̀ náà ni. Ọmọ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ rárá.

Àwọn ọmọ ti kó aṣọ rẹ̀ fún àwọn tó nílò wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti bá ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ. Àwòrán rẹ̀ kò pọ̀, torí bó bá ti rí ayàwòrán ló máa ń yíjú. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, tó ṣì wà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀, ni aṣọ Ìyá. Ọwọ́ òsì ló fi ń ránṣọ, ìwọ náà mọ̀. Ojú òwú rẹ̀ máa ń dà sí ibi tí ti ẹlòmíràn kì í dà sí. Bí mo bá gba abẹ́ Ìyá kọjá, mo máa ń gbójú sókè wò ó. Kì í ṣe àdúrà. Mo kàn ń wò ó ni.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí kan lọ, mo jókòó sábẹ́ Ìyá, mo gbé òòlù lé itan. Wọ́n dé. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ yẹn, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan orí mi.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, aṣọ yìí ti gbó o."

Mo ní, "Èmi náà ti gbó. Ó yá, wá bó awọ mi."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọn ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà sún mọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo yọ òòlù. Kò sá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó béèrè bóyá èmi ni mo ṣe igi inú rẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n dákun, kí n ki ọwọ́ bọ ihò kékeré abẹ́ apá, èyí tí a máa ń gbà yẹ inú rẹ̀ wò.

Ẹlẹ́ńjìnì, káfíńtà kì í fi ojú mọ igi tó ti kú, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fọwọ́ kàn rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Mo fa ọwọ́ jáde, igi mi wà lábẹ́ èékánná mi, ó dúdú, ó ń rùn. Omi ló ń gba ojú páànù wọlé, aṣọ náà ló sì ń dì í mọ́ra tí kò jẹ́ kó gbẹ. Aṣọ tí mò ń ṣọ́ ló ń pa apá náà. Obìnrin yẹn kò sọ pé ṣé mo ti rí i báyìí. Ká ní ó sọ ọ́ ni, òòlù ì bá bà á ní tòótọ́.

Bí mo bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, apá á já, aṣọ á bá a lọ. Bí mo bá gbà, Ìbákà á yè, ọwọ́ ìyàwó mi ò sì ní sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ wá fi ọ̀nà kejì hàn mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo gbé òòlù sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má gé e, èmi fúnra mi ni mo máa tú u.

Wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó òwú rẹ̀. Kò tú! Ìyàwó mi yẹn, bó bá so nǹkan, ó so ó nìyẹn. Ọ̀dà ti sán, aṣọ ti ń ya, òwú rẹ̀ kò yẹ̀. Mo ń tú u, mo ń bá a jà bí mo ṣe máa ń bá a jà nílé, pé kí ló dé tó so ó le tó báyìí, ṣé kò mọ̀ pé èmi náà ni yóò tú u ni? Àwọn òṣìṣẹ́ gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ mi ti dáwọ́ ìwé kíkọ dúró báyìí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Nígbà tí aṣọ kúrò, Ìyá wà níhòòhò lójú gbogbo wa. Igi tí mo fi yangàn láyé mi ti jẹrà láti ìdí dé ṣóńṣó. Èmi ti rò pé igi ló gbé aṣọ dúró. Aṣọ ló gbé igi dúró láti ọdún yìí wá. Bí ilé mi náà ṣe rí nìyẹn, mi ò sì mọ̀ àfìgbà tí ìyá àwọn ọmọ lọ.

Obìnrin náà ká aṣọ ọ̀hún jẹ́jẹ́, ó fi aṣọ funfun wé e, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí gígùn kan. Ó béèrè orúkọ ẹni tó rán an. Mo sọ ọ́. Ẹnu mi ò tíì pe orúkọ náà látìgbà tí a ti sin ín.

Káfíńtà wọn fi igi tuntun rọ́pò tèmi. Mi ò rí àléébù kankan nínú iṣẹ́ rẹ̀, mo sì wá a dáadáa. Aṣọ tuntun náà dé. Ni obìnrin yẹn bá ní kí n wá bá àwọn rán an.

O mọ bí a ṣe ń rán an. Wọ́n á gbé apá náà nàró, ẹnì kan á wà níhìn-ín, ẹnì kejì á wà lọ́hùn-ún, aṣọ á wà láàárín, wọn ò ní rí ara wọn. Ẹni tọ̀hún á ti abẹ́rẹ́ gígùn bọ̀ ọ́, ẹni tibí á gbà á, á dá a padà. Nígbà tiwa, mi ò tíì rí ojú ìyàwó mi dáadáa rí tí mo ti mọ bó ṣe ń mí. Bí mo bá pẹ́ kí n tó gba abẹ́rẹ́, á ní, "Káfíńtà, ṣé o ti sùn ni?" Bí mo bá yára jù, á gún mi lọ́wọ́, á ní òun ò mọ̀. Lẹ́yìn tí a fẹ́ra, bí a bá jà nílé tí a ò bára wa sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ yẹn ló máa ń parí ìjà. Ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni látàárọ̀ kò lè bá ni yodì dé ìrọ̀lẹ́.

Mo jókòó sí ibi tí mo máa ń jókòó sí. Abẹ́rẹ́ gba inú aṣọ yọ sí mi. Ó tọ́, kò wọ́. Mo ń wò ó. Mo dúró kí ẹnì kan bú mi. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò bú mi, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Mi ò gbà á. Mo dìde, mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, mo bọ̀ wálé. Kì í ṣe pé mo bínú o, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún ọ.

Wọ́n ti rán Ìyá tán báyìí, wọ́n sì ti kùn ún. Kò ní fò mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á máa tan ẹ́ńjìnì rẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ara rẹ bá gbà, wá wò ó. Yìn wọ́n, torí iṣẹ́ náà dáa. Obìnrin yẹn gba Ìbákà lọ́wọ́ ikú, èmi ni ǹ bá pa á. Ilé mi ni kí o dé sí. Bí o bá ti ibẹ̀ bọ̀, jókòó, jẹun, ròyìn ẹ́ńjìnì rẹ fún mi títí tí yóò fi sú mi. Ṣùgbọ́n má sọ fún mi pé ó rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi kí yín. Ó ní òun kò fi ṣúgà sí i. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ìyàwó rẹ dáadáa. Bó bá ń pariwo lé ọ lórí pé o ò gbọ́ ohun tí òun ń sọ, má bá a wí. Jẹ́ kó máa pariwo.

                                        Èmi náà ni, tìrẹ ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù,
                                        Káfíńtà.