Iṣu Tí Mo Gbà Lórúkọ Alága

Ilé Morónkẹ́,
Lẹ́bàá Pápá Parsloes,
Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Olúkáyọ̀dé, Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ẹlẹ́dàá tó gbé mi sínú bàálù láti oko Ìjẹ̀bú, tí n kò já sínú òkun, òun ni yóò máa ṣọ́ gbogbo yín. Tèmi náà kò burú, àfi orúnkún tí òtútù ti wọ̀, àti ọkàn mi. Ó rẹ̀ mí, Káyọ̀dé, ó rẹ̀ mí gan-an. Mo ní kí n tètè kọ̀wé sí ọ kí o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ẹbí, nítorí àwọn ẹbí wa kì í gbé ọ̀rọ̀ délé láìfi iyọ̀ sí i. Ayọ̀mípọ̀sí ọmọ Morónkẹ́, tí mo tìtorí rẹ̀ wá, ti ń rìn, gbogbo nǹkan ló ń fà lulẹ̀, ó sì ti ń gé mi jẹ.

Wọ́n ti fi Morónkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ joyè. Àwọn ará àdúgbò péjọ sí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n sì yàn án ní alága ìgbìmọ̀ tó ń sọ ohun tí ọlọ́pàá yóò mójú tó ládùúgbò. Mo ṣáà gbọ́ alága, mo gbọ́ ọlọ́pàá, mo bú sẹ́kún ayọ̀, mo ní baba yín ì bá wà láyé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tètè wẹ̀, mo jókòó sójú fèrèsé, mò ń retí mọ́tò ìjọba tí yóò wá gbé e. Káyọ̀dé, bọ́ọ̀sì ni alága wọ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Rippleside, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé, mo ní mọ́tò ńkọ́, ó ní kò sí. Mo ní owó oṣù ńkọ́, ó ní kò sí. Mo ní ọlọ́pàá tí yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nǹkan mẹ́ta péré ni àwọn ará àdúgbò máa ń mú pé kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ dojú kọ, tó bá ṣe díẹ̀, ọlọ́pàá á wá síwájú gbogbo èèyàn wá sọ ohun tó ṣe àti ohun tí kò ṣe, òun alága náà á sì dáhùn tirẹ̀. Mo ní irú oyè wo nìyẹn, tí wọ́n á fi èèyàn jẹ, tí wọ́n á tún máa bi í léèrè bí ọmọ iléèwé.

Ó wá bẹ̀ mí pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí òun wà nílé lọ́sàn-án, pé bí ẹnikẹ́ni bá wá, kí n bá òun gbọ́ ohun tó ń dùn ún, bí kò bá gbọ́ Yorùbá, kí n gba orúkọ àti nọ́ńbà ilé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló sọ. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ló sọ.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é nílé. Ta ló ń lọ sílé olóyè lọ́wọ́ òfo? Bí ọ̀rọ̀ bá dùn ọ́ dọ́kàn, wàá mú àkùkọ kan dání, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀wọ̀ ni. Nítorí náà nígbà tí Alàgbà Adégbọlá láti ìjọ wa ní Dagenham East gbé páálí iṣu wá, tó ní àwọn olè ń fọ́ gíláàsì mọ́tò àwọn níta ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn bá ń gbàdúrà, mo mọ̀ pé ọmọlúàbí ló wá. Fọlá tó ń ta oúnjẹ ilé wa ní Ripple Road náà kó ẹja gbígbẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan kì í kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, àwọn oníbàárà sì ń bẹ̀rù. Mo gbàdúrà fún àwọn méjèèjì, mo sì fi dá wọn lójú pé ọ̀rọ̀ wọn ni yóò ṣáájú.

Nǹkan kan tún wà lẹ́nu ọ̀nà níbí. Agogo ni, ṣùgbọ́n ó lójú. Bí àlejò bá tẹ̀ ẹ́, á kọrin, ojú rẹ̀ á tàn, Morónkẹ́ á sì máa rí ẹni náà nínú fóònù láti ibi iṣẹ́. Láràárọ̀ ni mo ń kí i, kò dá mi lóhùn rí, mo fara dà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alàgbà dé, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sọ iṣu kalẹ̀, tí nǹkan náà ranjú mọ́ àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, mo ní àìlẹ́kọ̀ọ́ yìí pọ̀. Mo fi ìborùn mi dì í lójú. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń dì í lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́ mo máa ń tú u nítorí òtútù. Morónkẹ́ rò pé bátìrì rẹ̀ ló ń kú. Iṣu náà, ó rò pé ìjọ ló fi kí mi káàbọ̀, n kò sì ta kò ó.

Òyìnbó obìnrin kan wá wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Zoe ni orúkọ rẹ̀, ó ń gbé lódìkejì títì wa, òun àti ajá rẹ̀ kékeré. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí pápá, ó ń fi ẹnu ṣe bí alùpùpù. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, okùn ajá nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn kì í wá báyìí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti fi hàn án pé alága ń sùn, mo sì tilẹ̀kùn. Ó tún padà wá, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Morónkẹ́ béèrè pé kí ni àwọn èèyàn sọ, mo sọ ti Alàgbà, mo sọ ti Fọlá. Ó ní ṣé kò sẹ́lòmíràn, mo ní kò sí. Nígbà tí wọ́n wá mú nǹkan mẹ́ta, mọ́tò ìta ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, iwájú ṣọ́ọ̀bù wọlé, wọ́n fi ẹrù tí wọ́n ń jí lẹ́nu ọ̀nà onílé ṣe ìkẹta. Ti alùpùpù inú pápá kò sí níbẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni ìpàdé ìdáhùn. Mo wé gèlè, mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Fọlá. Ọlọ́pàá dìde, ó ṣí fìlà, àwọn èèyàn ń bi í léèrè, ó sì ń fi pẹ̀lẹ́ dáhùn. Bàbá kan tilẹ̀ ní irọ́ ló ń pa, kò sì sẹ́ni tó ti bàbá náà mọ́lé. Mo la ẹnu sílẹ̀. Ìgbà náà ni Zoe dìde, ó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. Fọlá ló ń túmọ̀ fún mi. Ó ní alùpùpù ló gbá òun níbi tí òun ti ń mú ajá rìn ní pápá, apá òun sì ṣẹ́. Ó ní òun ti wá sílé alága lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ṣẹlẹ̀, ìyá àgbà kan ló ń fọwọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ tó sì ń tilẹ̀kùn mọ́ òun. Ó bi Morónkẹ́ pé ta ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ rí kí ó tó lè rí alága.

Morónkẹ́ yíjú wò mí. Ojú rẹ̀ kò bínú, Káyọ̀dé, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo yára sọ fún un ní Yorùbá pé kí ó ní arúgbó ni mí, mo ti ń gbàgbé nǹkan. Kò sọ ọ́. Ó rìn wá bá mi, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí ló dé tí mo ṣe é, mo sì sọ òótọ́: pé Alàgbà mú iṣu wá, Fọlá mú ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, obìnrin yìí kò mú nǹkan kan dání. Ohun tó túmọ̀ fún wọn nìyẹn, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó ní bí a ti ń ṣe nílé ni ìyá òun ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ òun ni mo fi gbà á, òun ló lẹ̀bi, bí wọ́n bá fẹ́ kí òun fi ipò náà sílẹ̀, òun á fi í sílẹ̀ lónìí. Ojú tì mí, ó kù díẹ̀ kí n wọ abẹ́ àga. Fọlá náà ń wolẹ̀.

Zoe fúnra rẹ̀ ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní kí Morónkẹ́ má lọ, ẹni tó lè sọ èyí lójú gbogbo èèyàn ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pápá ni yóò ṣáájú, kí iṣu sì padà sílé. Wọ́n nawọ́. Èmi náà na tèmi pé kí wọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀, wọ́n ní àlejò kò lọ́wọ́ níbẹ̀, mo bá ká a wálẹ̀. Àwọn tó ní kí ó dúró ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà Morónkẹ́ ń kí mi, ó ń fún mi lóúnjẹ, ṣùgbọ́n bó bá dé, fóònù agogo olójú ló kọ́kọ́ ń wò kí ó tó bi mí pé ta ló wá. Ó dùn mí. N kò sì lè bá a jà.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. A ti jẹ iṣu náà tán, a ti jẹ ẹja, Ayọ̀mípọ̀sí ló jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù. Morónkẹ́ ní òun á rà á padà, mo ní rárá, ẹnu mi kọ́ ni yóò jẹ kí ọwọ́ rẹ̀ san án. Jọ̀ọ́, fi owó páálí iṣu kan àti ẹja tó dáa ránṣẹ́ sí mi. Má fi sí fóònù mi o, ojú rẹ̀ ti fọ́, n kò fẹ́ kí owó náà fara gbọgbẹ́ bó bá ń kọjá. Fi sí ti Morónkẹ́, kí o sì sọ fún àwọn báńkì pé ti iṣu ni, kí wọ́n má baà pa á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Iṣu Alàgbà, mo lè dá a padà. Ẹja Fọlá, mo lè ra òmíràn. Zoe tí kò mú nǹkan kan wá, kí ni mo fẹ́ dá padà fún un? Mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Lánàá mo ṣáà pọn Ayọ̀mípọ̀sí, mo kọjá sódìkejì títì. Ibi tí mo ti kan ilẹ̀kùn tán ni mo ti rántí pé n kò mú ohunkóhun dání, mo sì fẹ́ yí padà. Ó ṣílẹ̀kùn. Ó wo ojú mi, kò wo ọwọ́ mi. Ó ní kí n wọlé, ó sì fún ọmọ ní bisikíìtì. Mo bá a bó ọ̀dùnkún nítorí apá rẹ̀, a ò gbọ́ èdè ara wa, mo sì sunkún díẹ̀ sínú omi ọ̀dùnkún náà.

Àkànní, o ò ní ṣubú níbi tí wọ́n gbé ọ ga sí. Ẹnu ìyá rẹ kò ní ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́. Ilẹ̀kùn yòówù tí o bá kàn lọ́wọ́ òfo láyé yìí, ẹni tó wà nínú ilé á ṣí i fún ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Morónkẹ́.