Yọ̀ǹda Èwo Ni Wọ́n Ń Wí?

Èmi tí mo ń kọ lẹ́tà yìí ni télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé bàbá. Bàbá ló ń sọ ọ́, nítorí wọn kò kàwé. Wọ́n ní àwọn kò lè fún ọmọ àwọn tó jẹ́ olùkọ́ kọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn án, ó sì lè fi iyọ̀ síbi tí àwọn fẹ́ kó korò. Wọ́n ní kí n máa kà á padà sétí àwọn kí n tó kọjá síwájú.

                                        Ilé Alájà,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Àtijọ́,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì? Orúnkún rẹ ńkọ́? Tèmi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n mo ń rìn. Mo mọ̀ pé wàá máa wò ó pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti fóònù. Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń pọ̀ ju ẹni tí a pè lọ.

O mọ̀ pé ọmọ mi obìnrin ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ẹ̀rọ síwájú mi, ó ní kí n sọ bí bàbá wa ṣe máa ń fi koríko mọ ilẹ̀ tó ti rẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti èékan, mo sọ bí bàbá ṣe máa ń fà á tu, tí wọ́n á gbọ́ òórùn gbòǹgbò rẹ̀, tí àwa ọmọ á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn pé ẹran ni wọ́n ń wá nínú koríko. Inú mi dùn. Mo rò pé ọmọ mi fẹ́ máa gbọ́ ọ nílé ni.

Nígbà tó yá, ó mú mi lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀. A wọ yàrá ńlá kan tí àga tò lọ bí ebè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, kò sì sí olùkọ́ níwájú wọn. Ògiri ló ń kọ́ wọn. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọ mi lára ògiri tó ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi yìí kan náà ló dì mí lápá mú. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn ara mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti ń ṣépè fún yànmùyánmú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi ọmọ mi pé tí ògiri bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó báyìí, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òun alára ṣe? Ó ní, “Bàbá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.”

Ohun tí mo ń fura sí kò pẹ́ tó fi yọjú. Ilé-ẹ̀kọ́ náà gbé ìwé àdéhùn jáde lórí ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọpọlọ. Wọ́n ní ohunkóhun tí olùkọ́ bá kọ, tó bá yà, tàbí tó bá gbà sínú ẹ̀rọ nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn, tiwọn ni, ìbáà jẹ́ pé olùkọ́ náà ti lọ. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ mi ò sì tíì fìdí múlẹ̀. Wọ́n ní èmi náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ka, torí ohùn mi wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin kan ló gbé e wá láti ọ́fíìsì wọn. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Ó gbé àpò èso dání. Àbúrò mi, ta ló ń gbé èso wá fún ọmọ àgbẹ̀ lásán? Ó ti ṣí ike tàdáwà sílẹ̀ kó tó jókòó dáadáa. Ó ní kí n kàn yọ̀ǹda ohùn mi fún àwọn.

Mo bi í pé, “Yọ̀ǹda èwo? Ṣé bí èèyàn ṣe ń yọ̀ǹda àga fún àlejò ni, àbí bí èèyàn ṣe ń yọ̀ǹda ọmọ fún ọkọ?”

Ó ní, “Bàbá, ọ̀kan náà ni.”

Mo ní, “Rárá o. Àlejò á dìde, àga á kù fún mi. Ta ló máa ń dá ìyàwó padà, àfi tí ìjà bá dé?”

Ọmọ mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló dá mi lóhùn jẹ́jẹ́ pé, “Ti ọkọ ni, Bàbá.” Ẹlẹ́rìn-ín wò ó bí ẹni tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tú àṣírí. Mo ká ọwọ́ mi sábẹ́ aṣọ.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, èmi àti ọmọ mi jà lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ mi dùn létí, ṣùgbọ́n ṣé èmi ni màá wá iṣẹ́ míì fún òun? Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ló ra ẹ̀rọ, ilé-ẹ̀kọ́ ló ni yàrá, owó oṣù wọn lòun sì ń gbà, kò burú tí wọ́n bá ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ẹni tó yá ọ lọ́kọ́ lè ní kó o bá òun roko, kò lè ní òun ló ni apá rẹ. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ò yá ẹnikẹ́ni lọ́kọ́ rí.” Òótọ́ ni. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àfi bó ṣe padà wá, tó ní òun náà ò fọwọ́ sí i mọ́. Ó ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n máa lo ẹ̀kọ́ òun níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí òun bá lọ, ó ń bá òun lọ, ohùn bàbá òun sì jẹ́ ti bàbá òun. Wọn ò tíì fèsì. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ibi tó ti wá kàn ọ́ rèé. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín ń jáde lọ, ó dúró wo àwòrán bàbá wa, ó wá bi mí, bí ẹni tó kàn ń tàkúrọ̀sọ, pé ṣé èmi nìkan ni wọ́n bí. Kí n tó mọ̀, mo ti dárúkọ rẹ, mo ti sọ àdúgbò rẹ. Ẹnu mi ni mo ń bú látìgbà náà. Tí o bá sọ ọ̀rọ̀ èékan kan náà sínú ẹ̀rọ wọn, tí o sì tẹ̀ka, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi èmi àti ọmọ mi ṣe?

Mo mọ̀ ọ́. Ẹni bá ti kí ọ dáadáa, wàá ti máa wá ohun tí wàá fún un. Tó bá dé, gba èso rẹ̀. Èmi náà jẹ ẹ́, ó dùn. Fún un lága. Sọ ti orúnkún rẹ fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n má sọ ti koríko, má sì fọwọ́ kan tàdáwà. Tí o bá sì ti tẹ̀ka kí lẹ́tà yìí tó dé, àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, má fi pamọ́ torí pé o ń bẹ̀rù ẹnu mi. Ránṣẹ́ sí ọmọ mi olùkọ́ yìí lójú ẹsẹ̀, kó má baà dúró níwájú wọn kó máa jà fún ohun tí ìdílé rẹ̀ ti kó fún wọn.

Bá mi kí ìyàwó, kó máa mu omi gbígbóná. Bá mi kí mẹkáníìkì wa àti gbogbo ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí, bí o ṣe mọ̀ mí náà ni mo wà.

(Bàbá tẹ ìka wọn síbí lẹ́yìn tí mo kà á fún wọn tán.)

Ẹlẹ́rìí: Káfíńtà Ẹlẹ́nu-Ọ̀nà
Ẹlẹ́rìí: Ìyá Oníbúrẹ́dì