Orúkọ Yermolai Kò Sí Lára Òkúta

Kronstadt,
Oṣù Kẹrin, 1965.

Innokenti ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó rẹ. Mo lérò pé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ti rọlẹ̀, àti pé òtútù tó kù ní Leningrad kò yọ yín lẹ́nu. Ara tèmi le. Inú ló ń bí mi, ìwọ gan-an lo sì bí mi nínú.

Mo lọ wo òkúta ìrántí tí ẹ gbé kalẹ̀ fún ọkọ̀ abẹ́ omi wa. Orúkọ gbogbo àwa tí a wọ̀ ọ́ jagun wà níbẹ̀, àtòkú àtalààyè, tìrẹ náà wà níbẹ̀. Ti Yermolai nìkan ni kò sí. Agbẹ́-òkúta ní ìwọ lo fagi lé e, pé o ní ẹni tí ọ̀tá mú láàyè kì í ṣe akọni.

Orí bébà lo ti ya ọkọ̀ náà, o ò bá wa wọ̀ ọ́ lọ sógun. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé e rìn lójú omi, bátìrì ló ń gbé e lábẹ́ omi. Abẹ́ ibi tí à ń sùn lo to bátìrì sí. Kò sí àyè mìíràn, n kò dá ọ lẹ́bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí omi òkun ń ṣe bó bá kan bátìrì.

Nígbà tí bọ́ǹbù bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú Òkun Baltic, omi ya wọ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró tú jáde lára bátìrì, ó sì ń jó wa lọ́fun. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọlé lọ já wáyà àwọn bátìrì tí omi ti bò, kí iná tó kù lè gbé wa dé òkè. Yermolai ló ń bójú tó iná mànàmáná ọkọ̀. Ó fi aṣọ tútù dí ẹnu, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tìlẹ̀kùn mọ́ mi. Bí mo bá kàn án, ẹ má ṣí i o.” Mo tì í. Mo gbé etí lé irin. Kò kàn án.

Iná dé, ọkọ̀ gòkè. A gbé e jáde bí òkú, a tẹ́ ẹ sórí ọkọ̀ kó lè mí, ni ìgbì bá gbá a lọ. A wá a tì. Àwọn ọmọ ogun Finlandi tí à ń bá jà ló yọ ọ́ nínú omi, wọ́n sì mú un. Ṣé kó ní kí wọ́n dá òun padà sómi ni?

Ìgbà tó padà wálé lẹ́yìn ogun, àwọn tiwa pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n lọ gégi nínú yìnyín. Ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ olóró ti jẹ kò bá a débi kankan. Ibẹ̀ ló kú sí.

Marfa ìyàwó rẹ̀ bá mi lọ síbi òkúta náà. Ó ń fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Àbí ẹ̀yìn ni wọ́n kọ tiẹ̀ sí?” Kí n tó dáhùn, ó ti yí lọ sẹ́yìn lọ wò ó.

O kọ̀wé pé wàá sọ lọ́jọ́ ìṣíṣọ lójú òkúta náà pé irin dáadáa ló kó wa yọ, kí n wá kó àmì ẹ̀yẹ sáyà dúró tì ọ́. N kò wá. Nígbà kan, ẹ̀rù ń ba gbogbo wa láti dárúkọ Yermolai. Ta ló ń lé ọ báyìí?

Kí ẹ̀mí rẹ gùn, Innokenti. Kó gùn débi tí wàá fi lè wo Marfa lójú.

Èmi tí a jọ pín búrẹ́dì dúdú jẹ ní ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi,
Zakhar

Àfikún: Mo ti ní kí agbẹ́-òkúta ha orúkọ mi kúrò, kó kọ ti Yermolai síbẹ̀. Ó gbà. Ó ní tiẹ̀ gùn ju tèmi lọ, pé òun máa ní láti ha díẹ̀ lára orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tìrẹ ni.