Àga Méjì Níwájú Ilé

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́. Ìkọ̀lé.

Fẹ́mi ọmọ mi pè láti Kánádà. Mo ṣàròyé pé òrùlé ilé tá a jọ kọ́ sínú géèmù kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí káàdì inú kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán kọ́kọ́ yà á tóbi ní ìlọ́po méjì, kó wá fún un pọ̀ kó kéré padà. Á dán." Ó ní iṣẹ́ ti yá, ó gé fóònù.

Mo ṣe bó ṣe wí, ó sì dán lóòótọ́. Fáànù kọ̀ǹpútà ń pariwo, géèmù sì ń falẹ̀. Ta ló ń lé mi?

Mo wá rí àga méjì níwájú ilé inú géèmù náà. Òkúta ni mo ti ń pè wọ́n láti ọjọ́ yìí. Ìgbà wo lọmọ yìí gbé wọn síbẹ̀?

Mo jókòó sórí ọ̀kan. Mi ò tíì dìde.