Bọ́ọ̀lù Tí Má-kànjú Ń Tu

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Ó tún tu ú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló sáré, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló tu ú. Má-kànjú, ajá mi, fo pátákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfara kan ọ̀kan, ó fẹsẹ̀ tẹ àpótí, bọ́ọ̀lù ta jáde, ó hán an, ó yí padà, ó tún fò wọ́n bọ̀ — ó wá ku ìṣísẹ̀ méjì kó dé ìlà tí mo ti ń pè é, ó tu bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù ò bá sì kọjá ìlà lẹ́nu ajá, asán ni gbogbo eré yẹn. Ìyá Fèrè, olórí ẹgbẹ́ eré ajá wa, ò tiẹ̀ fun fèrè ọrùn ẹ̀ mọ́. Ó ní ajá mẹ́ta ti dájú, àyè kan ṣoṣo ló kù fún ìdíje ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fún mi. Ajá Télọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ló ń dúró de àyè ọ̀hún — ajá tó sanra bí ìrọ̀rí.

Àìkú, ọjọ́ kẹrin
Èmi ni mo kọ́ ajá yìí ní gbogbo ohun tó mọ̀. Ìyàwó mi ní bóyá ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje
Mo pààrọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó tu tuntun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá
Mo fi ọ̀rá ẹran ra bọ́ọ̀lù lára. Ó lá a tán, ó wá tu ú. Mo jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn, etí ẹ̀ méjèèjì wálẹ̀. Ojú ti tì mí kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Mo fá irun oníbàárà kan kọjá ibi tó ní kí n dé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá
N ò lọ sí pápá. Ó gbé okùn ẹ̀ há ẹnu, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. N ò wò ó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílé, ìyàwó mi mú un wá bá mi ní pápá. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ajá wọ pálọ̀! Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́yìn ìlà, ó káwọ́ gbera kí ajá má baà fi ẹrẹ̀ kàn án. Ìyá Fèrè ní kó bá wa pe ajá wò. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí ò fẹ́ kó wá.

Bọ́ọ̀lù kọjá ìlà. Lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gba ipò ẹ̀, mo nawọ́, mo pè é. Ó tu ú.

Ìyàwó mi ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́: “Bàbá Ajá, ọwọ́ yín ni. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń nawọ́ sí i nílé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tu bọ́ọ̀lù fún yín?”

Òótọ́ ni. Láti kékeré ẹ̀. Mo nawọ́, ó tu ú, mo fún un lẹ́ran. Ajá tó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni mo ń pè ní olóríkunkun.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Mo káwọ́ sẹ́yìn. Mo tì í bọ àpò. Mo ní kí ìyàwó mi fi ìborùn dè é. Pàbó. Bó ṣe ń sáré bọ̀ báyìí ni ara mi ń tẹ̀ síwájú, tí èjìká mi ń yọ — ó rí i, ó tu ú. Ẹni ogójì ọdún, n ò lè kó ara mi níjàánu.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Ìyá Fèrè ò fi bọpo bọyọ̀. “Ajá ẹ ti wọlé. Ìyàwó ẹ ló máa pè é, kí ìwọ wà níbi tí ò ti ní rí ẹ. Bó ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ajá Télọ̀ ló máa sáré.”

Mo ní kó fún mi di ìrọ̀lẹ́. Má-kànjú jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ó ń wo pátákó, ara ẹ̀ ń gbọ̀n.

Nílé, ìyàwó mi ní òun ò ní ṣe é bí n ò bá fẹ́, òun ò tiẹ̀ fẹ́ràn ajá. Mo mú fọ́ọ̀mù ìdíje, mo fagi lé orúkọ mi, mo kọ tiẹ̀ sí i. Ó bi mí bóyá mò ń bínú. Mo ní rárá.

Irọ́ ni. Ó dùn mí dé eegun. A jáde sẹ́yìnkùlé, mo fi bí wọ́n ṣe ń di ajá mú láyà, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, hàn án.