Wọ́n Dárúkọ Ìlú Rẹ Lórí Rédíò, Wọn Ò Dárúkọ Rẹ

Ilé Ládélé,
Ìdí-Ọ̀rọ̀, lọ́nà Ìkirè.
Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kìn-ín-ní.

Ẹ̀bùnlọlá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara rẹ le bí òkúta inú odò? Ṣé ẹsẹ̀ tí o fi ń tẹ ilẹ̀ Èkó kò kọ? Tí o bá bi wá, àwa náà ṣì ń bẹ lórí ẹsẹ̀ wa, ìyá rẹ ń bẹ, ewúrẹ́ ń bẹ, àdúrà tí a ń gbà fún ọ láràárọ̀ kò sì tíì tán lẹ́nu wa. Ọlọ́run tí ó mú ọ kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé Mile 2 lánàá, òun náà ni yóò mú ọ kọjá lónìí. Kí òtútù ilé ẹja yìnyín tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin má wọ inú egungun rẹ. Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá wọ́n ń fún yín ní súwẹ́tà.

O lè máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Fóònù dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá pè ọ́, o máa ń sọ pé, Bàbá, mo wà nínú ọkọ̀, mo máa pè yín padà. Mo ti ń rò ó tipẹ́ pé irú ọkọ̀ wo ni èyí tí kì í dé ibi tí ó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà, nítorí lẹ́tà lè dúró dè ọ́ títí o fi máa sọ̀kalẹ̀. Báyọ̀ aládùúgbò wa tí ó ń fi ọkọ̀ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí Mile 2 ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ, pẹ̀lú dòdò Ìkirè díẹ̀ tí ìyá rẹ dì sínú ewé. Tí dòdò náà bá dín kù, Báyọ̀ ni kí o bi, má bi mí.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé ó dákẹ́ jù. Ọyẹ́ ọdún yìí le, ètè gbogbo wa ti là, òrí ni a sì fi ń pa á bí ẹni ń kun ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì kò jọ ẹnì kankan tí a mọ̀ ládùúgbò yìí. Igi ọsàn tí o gbìn sí ẹ̀yìn ilé ìdáná kí o tó lọ ti so. Ó kan díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké kò kọ̀ ọ́, ọsàn Ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fi ọsàn sẹ́nu, ó bi mí pé, Bàbá, ta ni Ẹ̀bùn? Mo ní ẹni tí ó gbin ọsàn ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an ti inú rédíò wá. O mọ̀ pé kò sí ìwé tí n kì í kà tẹ́lẹ̀, títí dé bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, ṣùgbọ́n ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, rédíò ni mo wá sún mọ́. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìròyìn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí ohùn rẹ̀ dùn létí máa ń ka ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí lọ́jọ́ òní, ogun tí ó parí, ọkọ̀ òfurufú tí ó já, ọba tí ó gorí ìtẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá ka àwọn ènìyàn ńlá tí wọ́n bí lọ́jọ́ òní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ó ní wọ́n bí agbábọ́ọ̀lù kan lónìí, ó pé ogójì ọdún. Ẹ̀rù bà mí. Mo yára lọ bá Mùkáílà tí ó ń bá wa fi iná sí fóònù ní ìkóríta, mo bi í pé ọmọ tí wọ́n bí lónìí, báwo ni ó ṣe pé ogójì ọdún, àti pé ìyá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó yè é. Mùkáílà rẹ́rìn-ín títí fóònù oníbàárà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, Bàbá, irú ọjọ́ òní ni, kì í ṣe òní gan-an.

Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò tíì yé mi títí di ìsinsìnyí ni bí wọ́n ṣe ń ṣa orúkọ náà. Ṣé wọn kì í bí ọmọ ní Ìdí-Ọ̀rọ̀ ni? Ta ni ó lọ sọ fún wọn nípa agbábọ́ọ̀lù, tí kò sọ fún wọn nípa tiwa? Mo wá gbà lọ́kàn mi pé àwọn òbí ni ó ń fi orúkọ ọmọ wọn ránṣẹ́. Mo ní kí Mùkáílà fi tìrẹ ránṣẹ́ láti inú fóònù rẹ̀: Ẹ̀bùnlọlá Ládélé, oníṣirò ní ilé ẹja yìnyín, ó ń gbé ní Festac. Ó ní òun ti fi í ránṣẹ́. Nísinsìnyí tí mo ń rántí bí ó ṣe fi ọwọ́ bo ẹnu, kò dá mi lójú mọ́.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, èmi àti ìyá rẹ ti jókòó ti rédíò kí ó tó sọ̀rọ̀ rárá. Ó ka olórin Amẹ́ríkà kan tí ó máa ń mi ìbàdí. Ó ka onímọ̀ kan tí ó jókòó sórí àga arọ tí ó sì mọ gbogbo ọ̀nà inú ọ̀run. Ó wá fi orin sí i. Ìyá rẹ ní bóyá orúkọ tiwa ló gùn, ó lè kà á lọ́la. Ó ti lọ ẹ̀wà sílẹ̀ fún mọ́ínmọ́ín elewé, èyí tí ó máa ń sè ní gbogbo ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọwọ́, tí ìwọ máa ń rò pé ti ọdún tuntun ni. Ó máa ń pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, láti ìgbà tí o ti lọ, á yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ọ, á gbé e sórí tábìlì títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà á jẹ ẹ́ lórúkọ rẹ.

A pè ọ́. O wà nínú ọkọ̀. A kí ọ kú ọjọ́ ìbí, o rẹ́rìn-ín, o ní, Bàbá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni o, ẹ tún ti gbàgbé. O ní kò burú, àgbà ló ń dé sí wa. Ẹ̀rín ni o fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn ń pariwo, ìyá rẹ sì wà nítòsí. Mo pa fóònù. Ìgbà náà ni ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, ẹni tí ó rọbí ni wọ́n ní ó gbàgbé. Ó pín mọ́ínmọ́ín náà tán pátápátá. Lọ́dún yìí, kò yọ tìrẹ sọ́tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yí po. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní irú ọjọ́ òní ni ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa parí ní ọdún 1970. Ó ní irú ọjọ́ òní náà, ní ọdún 1977, ni wọ́n ṣí àjọ̀dún ńlá àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé ní Èkó, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò. Mo fò dìde. Mo pariwo pé, Sàrátù, sáré wá, wọ́n ti dé Festac, ọmọ rẹ ló kàn! Ìyá rẹ sáré wọlé, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A dúró. Ọkùnrin náà ní irú ọjọ́ òní ni wọ́n bí pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, tí ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó fi orin sí i. Ìyá rẹ wò mí, ó padà síbi ilẹ̀ tí ó ń gbá. Wọ́n dárúkọ ìlú rẹ, wọn ò dárúkọ rẹ.

Ọ̀rọ̀ àjọ̀dún yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti máa ń rò pé Festac jẹ́ orúkọ òyìnbó kan tí ó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Èmi ò mọ̀ pé ilé àlejò ni o ń gbé. Mo bi Mùkáílà pé báwo ni àjọ̀dún náà ṣe pẹ́ tó, ó ní kò tó oṣù kan. Ọmọ mi, àwọn àlejò tí wọ́n ti òkèèrè wá ti jó, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti padà sílé wọn kí a tó bí ọ. Kí ni ìwọ ṣì ń dúró ṣe níbi àjọ̀dún tí ó ti parí?

Ọjọ́ yẹn náà ni Mùkáílà na fóònù sí mi pé, Bàbá, ẹ wò ó, òní ni ọjọ́ ìbí Ẹ̀bùnlọlá, wọ́n ní kí a bá a yọ̀. Mo ní fóònù rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, kí ó lọ tún un ṣe. Ó ní kò pẹ́, ẹni tí ó ni ọjọ́ ìbí ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí i. Mo rí àkàrà òyìnbó rẹ, mo rí ọ tí o ń fẹ́ àbẹ́là pa, ó sì ṣe mí ní kàyéfì pé ọjọ́ tí ènìyàn ń tọrọ ìmọ́lẹ̀ ni ó tún ń fẹ́ iná pa. Àwọn ènìyàn rẹ pọ̀, gbogbo wọn ń kọ HBD, HBD. Mo rò pé báńkì tuntun ni, pé owó ni wọ́n ń san fún ọ síbẹ̀. Mùkáílà ní kú ọjọ́ ìbí ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀ ní èdè òyìnbó, àdúrà ni. Lẹ́tà mẹ́ta! Tí ìyá rẹ bá ń gbàdúrà fún ọ, oríkì Ọlọ́run nìkan, omi á hó tán lórí iná kí ó tó parí rẹ̀.

Mùkáílà tún tẹ nǹkan kan, ó ní ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí ọ nìyí, ó sì túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ rẹ fún mi: a rí i kẹ́yìn lónìí, aago méje àárọ̀. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí rédíò, ẹni tí ó sọnù ni wọ́n ń kéde bẹ́ẹ̀, pé ó wọ aṣọ báyìí, a rí i kẹ́yìn níbi báyìí. Mùkáílà ní kò sí ewu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ gbogbo ènìyàn. Ara mi balẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń rò ó bí mo ṣe ń lọ sílé, pé ta ni ó rí ọ ní aago méje yẹn? Àwa rí ọ kẹ́yìn nígbà ìsìnkú ìyá mi, nígbà tí páànù ilé yìí ṣì ń dán.

Kí n má baà fẹ̀sùn èké kan fóònù, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi Owólabí. Òun ló mú ọ lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí mo já bọ́ lórí igi obì tí n kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni ó sọ fún Ọ̀gá Ezra tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé nígbà náà pé a bí ọ. Ó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìyẹn. Ó bínú. Ó ní, Ládélé, ta ni mo mú lọ sí ilé ìwé? Mo ní Ẹ̀bùnlọlá ni. Ó ní, ọ̀gá bi mí pé ọjọ́ wo ni Ẹ̀bùnlọlá dé, mo sọ ọjọ́ tí Ẹ̀bùnlọlá dé. Àbí ẹnì kankan wà láyé yìí tí ń jẹ́ Ẹ̀bùnlọlá kí a tó sọ ọ́ lórúkọ? Ẹ̀gbọ́n mi ka ọjọ́ tí orúkọ dé, ìyá rẹ ka ọjọ́ tí ọmọ dé, ìwé ilé ìwé sì gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi nítorí òun ló wọ bàtà lọ. O rí i pé kò sí ẹni tí ó gbàgbé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé èwo gan-an ni tìrẹ. Ọjọ́ orúkọ, gbogbo ayé ló wà níbẹ̀, wọ́n lá oyin, wọ́n tọ́ iyọ̀ wò, wọ́n lọ sílé. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá rẹ nìkan ló bá ọ níbẹ̀, pẹ̀lú agbẹ̀bí tí ó ti di olóògbé báyìí. Èmi pàápàá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n lé mi sí, kàlẹ́ńdà ara ògiri ni mo ń wò, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ọjọ́ oṣù. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, o kò ní orúkọ kankan. Àlejò ni ìyá rẹ ń pè ọ́. Àlejò mi, ṣé ebi ń pa ọ́ ni? Àlejò mi, má sunkún mọ́. Tí o bá sùn, á ní kí gbogbo ilé rọra, àlejò ń sinmi. N kò rò pé ìtàn tí wọ́n ń kà lórí rédíò ní àyè fún irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ ni wọ́n ń kà.

Mo mọ̀ pé ibi tí lẹ́tà dé yìí ni ó yẹ kí n ti béèrè owó, ọwọ́ mi sì ti fẹ́ máa kọ ọ́, nítorí páànù ń jò, òrí ti ń tán, bátìrì rédíò sì ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, kí o má fi ránṣẹ́ sí wa, awakọ̀ ni kí o fún. Ó ní kí o wọ ọkọ̀ tí ó ń dé ibi tí ó ń lọ. Báyọ̀ ti ṣèlérí pé iwájú ni òun á fi ọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Má wò ó di ọjọ́ ìbí kankan, ìbáà ṣe ti fóònù, ìbáà ṣe ti ìyá rẹ. Ọjọ́ tí o bá dé ni a ó máa kà. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò bá kà á, èmi yóò jókòó síwájú ilé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, n ó kà á sókè fún àwọn ọmọ tí ń jẹ ọsàn, pé ní irú ọjọ́ òní ni Ẹ̀bùn wálé.

Orúkọ tí a sọ ọ́ kò ní sọnù mọ́ ọ lára. Ilẹ̀ tí o dúró lé kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà tí ó mú ọ lọ kò ní gbàgbé bí a ṣe ń padà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ládélé.

Mo ti fẹ́ pa ìwé yìí dé nígbà tí ìyá rẹ ní kí n kà á sí òun létí. Nígbà tí mo dé ibi mọ́ínmọ́ín, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n pa ibẹ̀ rẹ́. Ó ní òun yọ tìrẹ sọ́tọ̀, inú ìkòkò ni òun fi í pamọ́ sí kí n má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun sì jẹ ẹ́ nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́. N kò pa á rẹ́, bébà kò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ti jókòó báyìí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní kí ni ẹ̀wà wà fún, rédíò kò ka ẹnì kankan tí a mọ̀ lónìí. Ó ní ọkọ̀ Báyọ̀ máa padà dé lọ́jọ́ Sátidé, a kì í mọ̀, àlejò lè wà nínú rẹ̀.