Àléébù Tí Mo Fi "A Dúpẹ́" Bò

Ọmọ mi àtàtà, àbíkẹ́yìn mi tí mo fi ń yangàn,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsùn. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oúnjẹ jẹ lásìkò? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde lówùúrọ̀ kò ní gbàgbé àtimú ọ wọlé. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ó ti ń gun àtẹ̀gùn láì di ògiri mú. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Télọ̀ tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí náà kí ọ, ó ní kí n rọra máa sọ̀rọ̀, pé ọwọ́ òun kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀, ó sì wúwo lẹ́nu mi. Lánàá Ọjọ́bọ̀ tí mo pè ọ́, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ. Mo ti tò ó sẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí o ṣe gbé fóònù tí o ní, Bàbá, ṣé kò sí o, ẹnu mi ti ní kò sí, a dúpẹ́, kí n tó mọ̀. O ní ọ̀gá yín ń pè ọ́, o pa fóònù, mo wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi wá jókòó ti télọ̀, nítorí ìwé kì í bi èèyàn pé ṣé kò sí.

Nípa VPN tí ẹ ń ṣe ni, èyí tí o fi sórí fóònù mi nígbà tí o wálé. O ní bí ìbora ló rí, pé ẹni tó bá dà á borí, ayé ò ní mọ ibi tó wà. O ní ọgọ́rùn-ún èèyàn péré lẹ kọ́kọ́ fún kí wọ́n dán an wò, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. O tún ní ẹ kì í yọjú wo ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe lábẹ́ rẹ̀, ẹ kì í sì í kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn, mi ò bí ọmọ tó ń kó ọ̀rọ̀ ilé kan lọ sí ilé kejì. Ohun tí kò yé mi nígbà náà ni pé bí ẹ̀yin ò bá ń wò, ẹnu àwa tí a wà lábẹ́ ìbora nìkan lẹ gbójú lé.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dà á borí, àwòrán ojú ọjọ́ tó wà lójú fóònù yí padà. Níbi tí oòrùn máa ń wà, àwọsánmà ló wà níbẹ̀, tí ohun funfun ń bọ́ sílẹ̀ bí òwú. Télọ̀ kà á fún mi, ó ní yìnyín ni, òtútù burúkú ń bọ̀. Mo wọ súwẹ́tà méjì léra wọn, mo sì kó gbogbo àgbàdo tí mo sá wọlé. Ìyá rẹ ní oòrùn ń jó òun lẹ́yìn ọrùn, kí ni mò ń ṣe yìí. Mo ní, obìnrin yìí, ṣé o wá gbọ́n ju fóònù lọ ni? Ọjọ́ kẹta ni mo tó pè ọ́, tí o sọ fún mi pé ìbora ló jẹ́ kí fóònù rò pé ìlú òkèèrè ni mo wà. Àgbàdo ti bu. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ ọ́n wò: bí mo bá rí yìnyín, orí mi wà lábẹ́ ìbora, bí mo bá rí oòrùn, orí mi wà níta.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí àléébù náà. Bí mo bá ń lọ sóko, tí mo dé ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kú. Bó bá padà, kì í ṣe yìnyín ló ń kọ́kọ́ yọjú, oòrùn ni. Á dúró níwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́, kí yìnyín tó dé. Mo fi han télọ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ oòrùn náà, orúkọ ìlú wa ni, gbangba. Ó ní, Baba Olóríkunkun, ìbora yìí ń bọ́ o, tètè sọ fún ọmọ rẹ. Mo ní kó lọ máa rán bọ́tìnnì rẹ̀. Mo ní ṣé èmi ni n ó wá fẹnu ara mi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́ lójú àwọn tó gbà á síṣẹ́?

Fọ́ọ̀mù ìbéèrè yín sì ń wọlé sórí fóònù mi láràárọ̀. Télọ̀ á kà á: báwo ni lónìí, ṣé kò sí ìṣòro kankan? Kíkí ni mo pè é. Mo rò pé ọmọ kan tó lẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ fi síbẹ̀ kó máa kí àgbà. Ta ni wọ́n ń kí láàárọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro? Bàbá mi tó fi mí mọ oko, oṣù méjì ló fi tiro lórí egbò, ẹni tó bá bi í, a dúpẹ́ ni. Èmi náà ní kí télọ̀ kọ ọ́: kò sí o, a dúpẹ́, ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́? Ọmọ náà ò dáhùn rí. Mo ní bóyá kò tíì gbéyàwó ni.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi kíkí bojú fún ọ. Lẹ́yìn tí télọ̀ ti kìlọ̀ fún mi, mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì ń ní kó máa kọ a dúpẹ́ lọ. Àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Ọjọ́ Àìkú tí o pè wá, ẹ̀rín ni o fi bẹ̀rẹ̀. O ní ọ̀gá yín dìde láàárín gbogbo yín, wọ́n ní àwọn yòókù tó ń dán an wò, ìgboro ni wọ́n wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kì í kú. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń kú tó ń jí, kò sì ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, ilẹ̀kùn á ṣí. Mo jó yí àgbàlá ká. Mo ròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kì í kí.

Ìròyìn yẹn ló gbé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ní oògùn àwọn ọmọdé ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, òun ti ya fọ́tò àwọn páálí náà, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi lè mọ ìlú tó ti wá, nọ́ọ̀sì méjì péré ló wà níbẹ̀, èkejì sì jẹ́ àbúrò ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, wọn á mọ̀ pé òun ló tú u síta. Ó ní ọjọ́ Ajé tí ìbora ọmọ yín bá jáde lòun ń dúró dè. Mo ní ọjọ́ Ajé kò dára. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, Bàbá, ṣé ẹ ti ń bá èèyàn wo ọjọ́ ni?

Láàárọ̀ yìí mo lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì náà, mo sọ òótọ́ fún un. Kò bínú. Ó kàn tún gèlè rẹ̀ dì, ó ní, Bàbá, èmi nìkan kọ́ ni mò ń dúró de ọjọ́ Ajé o.

Ọmọ mi, ilẹ̀kùn tirẹ̀ ni mo mọ̀ tí mo lè lọ kàn. Mi ò mọ ti àwọn yòókù. Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé nǹkan wà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú tó bá jí, ojú ẹni ń hàn síta kí ìbora tó dé. Ìgbà mọ́kànlélógún ni mo rí i, télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì wọn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ní bàbá rẹ ló tàn wọ́n, má jà fún mi.

Télọ̀ ní ká ya fọ́tò lẹ́tà yìí ká fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Mi ò gbà, nítorí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Dírẹ́bà tó ń kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ yín ń gbéra ní ìdájí ọ̀la, ọwọ́ rẹ ni yóò fi í lé.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀. Owó ọkọ̀ ni, àlọ nìkan, n ó wá ti àbọ̀. Mo fẹ́ wá fẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ bi mí pé Bàbá, ṣé kò sí, jọ̀ọ́, tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òbí ẹlòmíì ń gbàdúrà kí iṣẹ́ ọmọ wọn tètè bọ́ síta, káyé rí i. Àdúrà tèmi lọ́sẹ̀ yìí ni pé kí tìrẹ ṣì dúró nínú ilé. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹnu tí èmi ò ní, kó sì fún ọ̀gá rẹ ní etí. Bí o bá máa bínú sí mi, bínú, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tó pẹ́ jù kó tó sọ̀rọ̀.